Ìyá Mi Kò Ka Ọmọ ní Èdè Ítálì

Mo rántí ìgbà tí èdè Ítálì wọ ilé wa ní Òkè-Afá bí àlejò tí kò sọ ọjọ́ tí yóò padà. Ara fíríìjì ni mo kọ́kọ́ lẹ ìwé mọ́: madre, ìyá, padre, bàbá, sorella, ọmọ ìyá ẹni lóbìnrin, fratello, ọmọ ìyá ẹni lọ́kùnrin. Nígbà tí ara fíríìjì kún, mo lẹ díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo sì lẹ ọ̀kan mọ́ ọmọrí ike ìrẹsì, débi pé bí ìyá mi bá fẹ́ bu ìrẹsì, nonna, ìyá àgbà, ni yóò kọ́kọ́ rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní polí ni, mò ń dúró de ìwé àgùnbánirọ̀, kò sì sí ohun kan lábẹ́ ọ̀run tí n kò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá mi, ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wà ní Ítálì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kan àga. Ibẹ̀ ló ti rí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fi ṣaya. Ọmọbìnrin náà ti gbà, ìyá rẹ̀ ni kò tíì gbà. Kì í ṣe pé obìnrin náà kórìíra ẹ̀gbọ́n mi o. Ó máa ń se oúnjẹ fún un, ó sì máa ń bá a tún aṣọ rẹ̀ tó bá ya rán. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé òpùrọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi lójú tirẹ̀.

"Ó ní iye èèyàn ilé mi ń yí padà lójoojúmọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí nínú ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sórí wọ́sáàpù. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ gbé ní mọ́sálásí.

Ó ti sọ fún obìnrin náà níjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé pé àbúrò obìnrin méjì péré ni òun ní. Kò pẹ́ sí i, ó ra kóòtù aláwọ̀ búlúù kan, ó ní àbúrò òun ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó ní Èjìgbò, òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. Obìnrin náà ní àbúrò ọkùnrin wo? Síbẹ̀ ó bá a gé apá kóòtù náà kúrú, ó sì bá a rán an. Ó tún ṣe díẹ̀, obìnrin náà bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń sunkún, ẹ̀gbọ́n mi ní ara ìyá òun kò yá ní Ìwó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, obìnrin náà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó rí i tó ń bá ìyá rẹ̀ tó wà ní Èkó rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ara ìyá náà sì le koko. Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn. Ọkùnrin tó ní ìyá méjì, tí àbúrò ń hù fún bí olú, ṣé kì í ṣe ìyàwó àti ọmọ ni yóò hù fún un lọ́la? Ó wá là á mọ́lẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ sí ìgbéyàwó kankan àfi bí òun bá bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀, kí àwọn máa wo ojú ara àwọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun fẹ́ bi í, ìyẹn ni iye ọmọ tó ní. Òun kò sì fẹ́ ògbufọ̀, torí ògbufọ̀ lè bá èèyàn tún irọ́ ṣe.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Ìyá tó wà ní Ìwó ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, ẹni tó mú ẹ̀gbọ́n mi sọ́dọ̀ nígbà tó ja ọmú, tí kò sì dá a padà títí ó fi jáde ìwé mẹ́fà. Àbúrò ọkùnrin tó wà ní Èjìgbò ni ọmọ àbúrò bàbá wa, mẹkáníìkì ni, ìyá mi ló sì gbà á tọ́ láti kékeré. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ sùn lórí ẹní kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni èèyàn fẹ́ kí ó máa pè wọ́n? Ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ní í wò ó, ṣùgbọ́n ojú méjì tó bímọ nìkan ni obìnrin Ítálì yìí mọ̀. Bàbá wa sì ti kú, kò sí ẹlòmíràn tó lè dáhùn ìbéèrè náà àfi ìyá mi.

Èmi ni mo gba iṣẹ́ olùkọ́, kò sẹ́ni tó fi mí jẹ ẹ́. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ èdè náà lórí fóònù, mo sì rò pé mo ti gbọ́ ọ tán. Fóònù kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọmọkùnrin náà ń jẹ ápù, èmi náà kọ́ ìyá mi. Ìyá mi tẹ́tí sí mi dáadáa títí mo fi parí.

"Ta ló fẹ́ bá a jẹ ápù?" ló bi mí. "Ọmọ wọn ni mo fẹ́ tọrọ."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé wọn kì í ti orí òrùlé kọ́ ilé. Ó ní kí n máa kọ́ ilé mi lọ, òun mọ ẹni tó máa kọ́ òun.

Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Aswani. Ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ni ti àǹtí kan tó ń ta òkìríkà, ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Ítálì níbi tó ti ń tọ́jú ìyá arúgbó kan, kó tó padà wálé. Abèèrè kì í ṣìnà, a lọ bá a. Ó ní òun á kọ́ wa, ṣùgbọ́n àwa la máa bá òun tú bẹ́ẹ̀lì ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ọjà máa ń kún. Ìyá mi ní kò burú. Èmi ni wọ́n ń bá wí nípa títú bẹ́ẹ̀lì, n kò sì mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́.

Bí àǹtí yìí ṣe ń kọ́ni nìyí. Á fi ọ̀bẹ gé okùn bẹ́ẹ̀lì, aṣọ á tú sílẹ̀ gọ̀ọ́rọ̀gọ̀, á sì na ọ̀kan sókè. "Di chi è?" ni yóò wí, ìyẹn ni pé ta ló ni ín. Bó bá jẹ́ ṣòkòtò oníkùn ńlá, a ó ní, "È di mio padre," bàbá mi ló ni ín. Bó bá jẹ́ súwẹ́tà tí wọ́n fi òwú hun, tí àyà rẹ̀ ti gbó, a ó ní, "È di mia nonna," ìyá mi àgbà ló ni ín. Aṣọ ọmọdé ni "È di mia figlia," ọmọ mi obìnrin ló ni ín. Bí a bá ti dáhùn dáadáa ni yóò ju aṣọ náà sórí òkìtì tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ó ti to ọjà rẹ̀ tán, bàbá lọ́tọ̀, ìyá lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀. Àwọn oníbàárà pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Mo rántí ọkùnrin kan tó gbé súwẹ́tà kan dání, tó kígbe "Nonna!" kó tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo sì ń fi bírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi kò kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ń padà lọ sí Òkè-Afá, òun ló máa ń rántí, èmi ni mo máa ń ṣí ìwé. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, àkísà gan-an la sì fi ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àǹtí yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá mi ti lè sọ pé ọkọ òun ti kú, pé òun ń ta bọ́tìnnì, pé ara ilé le, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ìjà dé nígbà tí a dé orí ìbéèrè náà gan-an. Quanti figli ha? Ọmọ mélòó lẹ ní? Mo ti kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ gàdàgbà: Ho tre figli, mo ní ọmọ mẹ́ta, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti èmi.

"Mọ́mì, ẹ sọ ọ́ tẹ̀ lé mi. Ho tre figli."

"Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Ọmọ mẹ́ta ni mo ní."

"Mi ò sọ ìyẹn. A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ."

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ kà á fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kà á."

"Ìyẹn tún wá burú jù."

"Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń ka bọ́tìnnì láti àárọ̀?"

"Bọ́tìnnì ni mò ń tà," ni ìyá mi wí. "Mi ò kí ń ta ọmọ."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkìtì àwọn bàbá. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ kékeré pé iye yìí gan-an ni obìnrin náà ń dúró dè, pé bó bá ti gbọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti tán. Ní ti àwọn tó kù, mo ti wá orúkọ fún wọn. Zia, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni obìnrin, ni ìyá Ìwó, cugino ni mẹkáníìkì wa. Ìyá mi bi mí pé kí ni cugino. Mo ní ọmọ àbúrò bàbá ẹni ni, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni, ìbátan ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ inú ilé gan-an.

"Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn," ló wí, "o ní kí n máa pè é ní cugino." Ó pe ọ̀rọ̀ náà bí orúkọ àìsàn.

Mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi pè é lọ́jọ́ kejì, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Mẹ́ta ni kí ẹ sọ. Just three. Tó bá ti gbọ́ nǹkan míì báyìí, ó ti parí nìyẹn, kò ní fún mi lọ́mọ ẹ̀ mọ́." Ìyá mi ní, "Mo gbọ́." Nílé wa, mo gbọ́ kì í ṣe mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́ lájò, ó ti gbàgbé. Èmi náà tí mo wà nílé gbàgbé, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n fi ìpè náà sí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rí ohun tí n kò retí. Ìyá mi gbé ìkòkò ńlá kaná. Ìyá Ìwó, tó ní òun kàn wá kí wa ní Sátidé, kò múra àtipadà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé. Nígbà tó ku díẹ̀ kí àkókò pé, mẹkáníìkì wa wọlé láti Èjìgbò, ó wọ kóòtù búlúù tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí i, ó sì jókòó gbọnrangandan bí ọkọ ìyàwó. Àwọn tó da ọ̀rọ̀ rú gan-an ni ìyá mi kó jọ. Mo fà á lọ sí kíṣìnì.

"Mọ́mì, àwọn wọ̀nyí lobìnrin yẹn ò gbọ́dọ̀ rí."

"Kí ló dé? Wọn ò jalè."

Mo gbé fóònù ti ara fúláàsì lórí tábìlì, mo sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí wọn kò ti lè rí mi. Ìyá ọmọbìnrin náà yọ, obìnrin tínrín kan tó wọ awò ojú, tó ká ọwọ́ lé tábìlì. Ọmọ rẹ̀ jókòó lọ́tùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi jókòó lósì, àwọn méjèèjì sì dà bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ìyá mi kúnlẹ̀ kó tó jókòó, torí àwa la fẹ́ tọrọ ọmọ. Ẹ̀rù ba obìnrin náà, ó dìde dúró, ó rò pé ìyá mi ṣubú ni. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé fún un. Ó padà jókòó, ojú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Wọ́n kí ara wọn. Ó béèrè ará ilé, ìyá mi ní gbogbo wọn wà, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, ti yín ńkọ́? Ìyá mi dáhùn gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà náà ni obìnrin náà tẹ̀ síwájú.

"Signora," ló wí, "quanti figli ha?"

Mo na ìka mẹ́ta sókè lẹ́yìn fóònù. Ìyá mi wo ìka mi, ó sì yí ojú padà sí àna rẹ̀.

"I figli non si contano," ló wí. A kì í ka ọmọ.

N kò kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ pé ó lọ bá àǹtí lọ́jọ́ tí n kò sí níbẹ̀, tó sì ní kí ó sọ fún òun bí wọ́n ṣe ń wí i. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí rẹ̀ ba. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún gbólóhùn náà sọ bí ìbéèrè, ìyá mi sì mi orí. Ó wá na ọwọ́ pe mẹkáníìkì wa, ó mú un wá síwájú fóònù.

"Figlio di mio cognato," ló wí, ọmọ àbúrò ọkọ mi. Ó gbé ọwọ́ lé e láyà. "Mio figlio."

Ó fa Ìyá Ìwó mọ́ra. "Sorella di mio marito," ló wí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. "Anche lei, mamma." Òun náà, ìyá ni. Ìyá Ìwó kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń júwe, ó sì ń mi orí bí ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ló pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó sì fa èmi náà jáde láti ẹ̀yìn fóònù pẹ̀lú ìka mẹ́ta mi tó ṣì wà lókè. Mia figlia.

Obìnrin náà gbé awò ojú rẹ̀ padà wọ̀. Ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójijì ó na ìka sí mẹkáníìkì wa. "La giacca," ló wí. Kóòtù yẹn. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé apá rẹ̀ kúrú, ó sì rí i lára ẹni tí wọ́n sọ pé wọ́n rà á fún. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó pẹ́ tó fi wò ó, mo sì rí i pé ó ti gbà pé kò purọ́ fún òun. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò túká. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀, ó wo ilé wa tó kún, ó wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Io ho solo lei."

Òun nìkan ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n mi, tó sọ gbogbo nǹkan fún wa, kò sọ èyí. Gbogbo ìbéèrè tí obìnrin náà ń béèrè láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rù ló ń bà á, pé ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí fẹ́ lọ bá àwọn tí òun kò mọ̀. Mo wo ìka mẹ́ta mi, mo sì ká wọn kò. Ojú tì mí.

Ìyá mi sún mọ́ fóònù títí tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "No," ló wí. Ó na ìka sí ẹ̀gbọ́n mi. "Lui. Suo figlio." Ọmọ yín lòun. Ó na ìka sí ọmọbìnrin náà. "Lei. Mia figlia."

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó nu ojú, ó wá na ìka méjì sókè. "Allora due?" ló bi ìyá mi. Ṣé wọ́n ti wá di méjì?

Ìyá mi ju ọwọ́. "Non si contano," ló wí, bí ẹni ń bá oníbàárà tí kò gbọ́ràn wí. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, Ìyá Ìwó náà rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀, ó sì pẹ́ jù gbogbo wa lọ kó tó dákẹ́.

Nígbà tí a ń kó abọ́ oúnjẹ, mo bi ìyá mi léèrè ìdí tí kò fi kàn sọ mẹ́ta. Kò bínú sí mi. "Tí mo bá ní mẹ́ta ni wọ́n," ló wí, "níbo ni màá wá fi ọmọbìnrin yẹn sí? Ẹni tó bá ka ọmọ ẹ̀ tán ti tilẹ̀kùn nìyẹn." Ó ní kí n fọ abọ́ kí omi tó lọ.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Mo ti lọ sìnrú ìlú, mo ti dé, mo ti níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ìsọlọ̀, mo ti bímọ. Ìyá mi àti àna rẹ̀ ṣì máa ń sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí n kò rò pé ó pé ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ ju èmi àti ọkọ mi tí a gbọ́ èdè ara wa lọ. Mo máa ń rò ó pé ohun tó ń dùn mọ́ mi nígbà náà ni pé mo ń kọ́ àgbàlagbà ní ọ̀rọ̀. N kò mọ̀ pé ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ ló ń wá.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin náà yọ̀ ṣubú nílé, ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ni ọkùnrin dúdú yìí jẹ́ sí i. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó la ẹnu sọ pé àna òun ni, obìnrin náà ti dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Mio figlio," ló wí, kò sì fi àlàyé kankan kún un. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè parí ìtàn náà fún mi lórí fóònù, omijé gbà á lẹ́nu. Èmi ni mo lọ sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó tẹ́tí sí mi títí dé òpin, ó sì ń wò mí bí ẹni pé ó kù síbì kan tí n kò tíì sọ.

"Ṣé ó ti jẹun?" ló bi mí.

Mo ní n kò mọ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì pe àna rẹ̀ láti bi í fúnra rẹ̀.